Alùpùpù Àkọ́kọ́: Ìtàn Ilé-iṣẹ́ Hildebrand àti Wolfmüller, 1894–1897

Àwọn àgbà a máa wí pé bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fà yọ ni ìdí rẹ̀ tí iṣẹ́ tí ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀ fi lè kú ní rèwerèwe. Irin tí a ó sì máa lù ni ìtàn ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó wà ní ìlú Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, láti ọdún 1894 títí di ọdún 1897. Orúkọ àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ni a fi ń pè é: Hildebrand àti Wolfmüller. Òun ni ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí ó ṣe alùpùpù lọ́pọ̀ fún títà, ọdún mẹ́ta péré ni ó sì lò kí ó tó wọlẹ̀.

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ti Munich ti jẹ́ ní Ìbàdàn, tí a fi ní láti mọ ìtàn ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró ní Bẹẹrẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí a sì wo ohun tí ń kọjá. Alùpùpù ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Mápó. Alùpùpù ń la àárín àwọn oníṣòwò Ọjà'ba kọjá. Alùpùpù ń yà wọ àwọn ọ̀nà tóóró Bẹyẹrúnká, láàrin àwọn agboolé tí a ti kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rò pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yóò wà láyé. Ó ń gbé aláìsàn, ó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́, ó ń gbé àpò gàrí àti ìyá tí ó ni gàrí náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni ó ń ti ara rẹ̀ jẹun. Àwa ni a sì fún un ní orúkọ. Bí ó ti ń dún ni a gbọ́ tí a fi pè é ní alùpùpù. Nígbà tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí fi í gbé èrò, a yá orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, a sì ń pè é ní ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí epo rẹ̀ wà, orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Japan, ti Íńdíà àti ti Ṣáínà ni a ó bá níbẹ̀. Ohun tí ó ti di tiwa tó báyìí ní ẹnu àti ní ọ̀nà, kò ì tí ì di tiwa ní àgbẹ̀dẹ. Ẹni tí ó bá ń ro bí yóò ti dà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ bí ojú àwọn tí ó kọ́kọ́ dán an wò ti rí.

I. Ọdún tí ogun parí

Ní ọdún 1893 ni ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn ti ń bá Èkìtìparapọ̀ jà láti ọdún 1877, wá sí òpin. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún náà ni Baálẹ̀ Fìjàbí àti àwọn ìjòyè ìlú fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọdún náà sì tó parí, Captain R. L. Bower ti dé sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ajẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ìlú tí kò mọ irin ni ó bá. Ogun ọdún mẹ́rìndínlógún kò ṣe é jà láìsí alágbẹ̀dẹ. Àwọn ni ó ń rọ idà àti ọ̀kọ̀, àwọn náà ni ó sì ń tún ìbọn tí ó bàjẹ́ ṣe kí ó lè padà sí ojú ogun.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìwé àdéhùn Ìbàdàn, ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1894, a kọ ìhùmọ̀ tuntun kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní ilẹ̀ Jámánì, kí ẹlòmíràn má baà lè ṣe irú rẹ̀ láìgba àṣẹ. Àwọn tí ó ni ìhùmọ̀ náà ni Heinrich Hildebrand àti Alois Wolfmüller. Heinrich àti Wilhelm àbúrò rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ alátẹ́gùn omi gbígbóná dunjú, irú èyí tí ń fa ọkọ̀ ojú irin láyé ìgbà náà. Ní ọdún 1889 wọ́n ti gbìyànjú láti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ní kékeré, sí ara kẹ̀kẹ́ ológeere. Wolfmüller, tí a bí ní ọdún 1864, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí ohunkóhun tí ń rìn tàbí tí ń fò. Ó kọ lẹ́tà sí Otto Lilienthal, ọ̀gbẹ́ni tí ó ń fi apá aláṣọ fò láti orí òkè, ó sì ra ọ̀kan nínú àwọn apá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kẹrin wọn ni Hans Geisenhof, mẹkáníìkì tí ó mọ ọwọ́ ẹ̀ lò.

Àwọn kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ẹ́ńjìnnì sí ara ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ní ọdún 1885, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ti ṣe ọ̀kan tí ó jẹ́ pé igi ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kàn fi dán ẹ́ńjìnnì wọn wò ni, wọn kò ṣe é tà. Láàrin ọdún 1885 sí ọdún 1894, ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí ó la ọ̀nà. Èkíní, kẹ̀kẹ́ ológeere gba ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí, ẹsẹ̀ méjì tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ àti ṣéènì tí ń fa ti ẹ̀yìn. Èkejì, John Boyd Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí ní ọdún 1888. Èyí ni àwọn ará Munich lò. Wọ́n sì fún ohun tí wọ́n ṣe ní orúkọ tí àwọn ará Jámánì ń pè é di òní: Motorrad, èyí tí í ṣe kẹ̀kẹ́ tí ó ní ẹ́ńjìnnì.

II. Bí ẹ̀rọ náà ti rí

Bí a bá gbé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí wá sí iwájú mẹkáníìkì kan ní Bẹẹrẹ lónìí, yóò mọ̀ ọ́n ní alùpùpù, ṣùgbọ́n yóò wá ọ̀pọ̀ ohun tì níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní písítìn méjì tí ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, títóbi rẹ̀ sì jẹ́ 1,489 ní ìwọ̀n tí a fi ń pe ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ní 100 tàbí 125. Ẹ wò ó bí ó ti ju ti ọ̀kadà lọ ní ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Síbẹ̀ agbára ẹṣin méjì ààbọ̀ péré ni ó ní, nígbà tí ọ̀kadà oní-100 máa ń ní nǹkan bí agbára ẹṣin mẹ́jọ. Eré tí ó lè sá kò ju kìlómítà 45 ní wákàtí kan. Omi ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára, inú ìbòrí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni omi náà sì wà.

Ó ku ohun tí ó ya ni lẹ́nu jù. Kò sí ṣéènì, kò sí jíà, kò sí kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pá irin gígùn méjì ni ó ti ara písítìn wá tí ó sì ń ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yí, gan-an gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá irin ti máa ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́. Nígbà tí ọ̀pá bá ti ẹsẹ̀ síwájú tán, ohun kan gbọ́dọ̀ dá písítìn padà. Wọ́n fi ọ̀já rọ́bà sí i láti máa ràn án lọ́wọ́, bí ẹni tí ń ta rọ́bà kànnàkànnà. Kò sí púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú. Ọ̀pá kékeré oníhò ni a ń fi iná jó títí yóò fi pọ́n, òun ni ó sì ń dáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó bá fẹ́ gùn ún yóò kọ́kọ́ tan iná yìí, yóò dúró kí ọ̀pá gbóná, yóò wá máa ti ẹ̀rọ náà sáré lọ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi jí, kí ó tó fò gùn ún. Bí ó bá dúró láàárín ọjà, ẹ́ńjìnnì dúró nìyẹn, nítorí kò sí ohun tí ó lè ya ẹ́ńjìnnì nípá kúrò lára ẹsẹ̀.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí fi ṣe é báyìí? Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ ni wọ́n lò. Ẹ̀rọ alátẹ́gùn omi gbígbóná lè fa ẹrù láti ìdúró, nítorí pé ipá rẹ̀ ti wà nínú àgbá omi kí ó tó rìn rárá. Ẹ́ńjìnnì elépo kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá yí kíákíá, kò ní ipá. Bí a bá sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ láìsí jíà, nígbà tí a bá ń gun òkè, tí ẹsẹ̀ ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìgbà náà gan-an ni ẹ́ńjìnnì yóò rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìgòkè Mápó mọ ohun tí à ń wí. Wọ́n gbé ọgbọ́n ọkọ̀ ojú irin wọ ara ohun tí kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin.

III. Òkìkí àti ìṣubú

Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ náà jáde, òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn ènìyàn tí kò rí irú rẹ̀ rí ń san àsansílẹ̀ owó kí ó lè kàn wọ́n. Ilé-iṣẹ́ náà gbòòrò ní Munich, wọ́n sì ń gbé iṣẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ irin mìíràn nínú ìlú láti bá wọn ṣe lára àwọn ẹ̀yà. Ní ilẹ̀ Faransé, Duncan àti Suberbie gba àṣẹ láti máa ṣe é, wọ́n sì pè é ní Pétrolette. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1895, ó wà lára àwọn ọkọ̀ tí ó bá ara wọn díje láti Turin lọ sí Asti àti àbọ̀ ní ilẹ̀ Ítálì. Bí ènìyàn bá wo ilé-iṣẹ́ náà láti òkèèrè ní ọdún yìí, yóò rò pé ọrọ̀ ti dé.

Nínú ilé ni ọ̀ràn ti yàtọ̀. Owó tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ kan kò tó owó tí wọ́n ń ná sí ṣíṣe é. Bí wọ́n bá ti ń tà tó ni gbèsè ń ga tó. Ọjà tí ó yẹ kí ó là wọ́n ni ó ń sin wọ́n lọ sí oko ẹrú. Àwọn tí ó ti ra ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn. Ẹ́ńjìnnì kì í fẹ́ jí ní àárọ̀. Iná rẹ̀ ń kú. Ìrìn rẹ̀ ń já wọn lójú sọnù bí ẹṣin tí a kò tí ì tù lójú. Àwọn kan béèrè owó wọn padà. Nígbà tí ó di ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ Munich ti wọlẹ̀, ti ilẹ̀ Faransé náà kò sì pẹ́ jù ú lọ. Iye ẹ̀rọ tí àwọn òpìtàn gbà pé ó jáde wà láàrin 800 sí 2,000. Díẹ̀ ni ó kù láyé. Ẹni tí ó bá dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Munich tàbí ti Lọ́ńdọ̀nù lè rí ọ̀kan níbẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣubú ni ẹlòmíràn ń dìde. Ní Paris, Albert de Dion àti Georges Bouton ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré kan ní nǹkan bí ọdún 1895. Ti Munich a máa yí nígbà 240 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí a máa yí nígbà 1,500, iná mànàmáná láti inú bátìrì ni ó sì ń dáná sí epo rẹ̀. Wọn kò fi ẹ́ńjìnnì náà pamọ́ sí ìdí ara wọn. Wọ́n ń tà á fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ tirẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ sì kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1901, àwọn Werner, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, gbé ẹ́ńjìnnì sí ìsàlẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ méjèèjì. Ibẹ̀ ni ó wà lára gbogbo ọ̀kadà tí ń kọjá ní Bẹẹrẹ lónìí.

IV. Ohun tí ó pa á

Àwọn kan yóò wí pé jíà tí kò sí ni ó pa ilé-iṣẹ́ yìí, àwọn mìíràn yóò ní gbèsè ni. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àbùkù tí ó sì yè, nítorí pé a rí àyè tún un ṣe. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé ẹ̀rọ tí ènìyàn ń gùn dúró lórí ọwọ́ mẹ́rin: ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é, ọwọ́ ẹni tí ó tà á, ọwọ́ ẹni tí ó ń gùn ún, àti ọwọ́ ẹni tí ó ń tún un ṣe. Bí ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá kan ara wọn, ẹ̀rọ náà kò lè pẹ́.

Ní Munich, ọwọ́ kẹrin ni kò sí. Ní ọdún 1895, àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe mọ ṣéènì àti sípóòkù. Àwọn alágbẹ̀dẹ mọ irin. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ẹ́ńjìnnì elépo? Epo náà fúnra rẹ̀, ilé olóògùn ni a ti ń lọ rà á. Bí ẹ̀rọ bá dá ẹnì kan dúró ní abúlé, kò sí ẹni tí yóò ké sí. Nítorí náà gbogbo àrùn ẹ̀rọ padà di ẹ̀bi olùṣe, àwọn olùṣe kò sì ní ìsinmi láti fi etí sí ohun tí àwọn tí ń gùn ún ń wí, nítorí àsansílẹ̀ owó tí wọ́n ti gbà ń lé wọn. Wọ́n tà á fún gbogbo ayé kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n tán. A ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí, agbára ni wọ́n fi mú un.

V. Ọwọ́ tí ó wà ní Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí a wá fi òṣùwọ̀n ọwọ́ mẹ́rin yìí wọn ara wa. Ọwọ́ tí kò sí ní Munich gan-an ni ó pọ̀ jù ní Ìbàdàn. Kò sí àdúgbò kan, láti Ọjà'ba títí dé Bẹyẹrúnká, tí alùpùpù lè kú sí tí a kò ní rí ẹni tí yóò jí i. Lábẹ́ ibòji ni ọ̀gá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ nípa fífọ ẹ̀yà tí ó kún fún ọ́ìlì, yóò dé orí títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, títí ọjọ́ tí ọ̀gá yóò fi gbàdúrà fún un tí yóò sì gba òmìnira. Wọn kì í sì í ṣe àtúnṣe nìkan. Olùṣe ní Íńdíà kò mọ̀ pé a ó gbé ẹni mẹ́ta àti ẹrù gun òkè Mápó. Ẹni tí ń jó irin ní Ìbàdàn mọ̀, ó sì fi irin kún ibi ìgbẹ́rù, ó fi irin sí ìhà méjèèjì kí ẹsẹ̀ èrò má baà fara pa bí ó bá ṣubú.

Ọwọ́ olùṣe ni ó jìnnà sí wa. Ìjọba àpapọ̀ gbìyànjú láti fà á súnmọ́ láàrin ọdún 1970 sí 1980. Ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975; Ìbàdàn gba ti Leyland, tí ń to ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀; ní ọdún 1979 sì ni a dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà, níbi tí a ti ń to alùpùpù pọ̀. Mo lo ọ̀rọ̀ náà "to pọ̀" nítorí pé èdè wa mọ ìyàtọ̀ láàrin kí a rọ nǹkan àti kí a to nǹkan. Ẹ̀yà láti òkè òkun ni a ń tò. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1981, tí owó ilẹ̀ òkèèrè di ọ̀wọ́n, ẹ̀yà kò wọlé déédéé mọ́, iṣẹ́ sì rọ ní ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Leyland ti Ìbàdàn àti Volkswagen ti Èkó kò la ìyà náà já. Ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù gba ọ̀nà. Ikú tí ó pa ilé-iṣẹ́ Munich yàtọ̀ sí èyí tí ó pa ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àìkan-ara-wọn ọwọ́ ni ó bí méjèèjì. Ní Munich, olùṣe kò rí olùtúnṣe, ní Ìbàdàn, àwọn olùtúnṣe wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó wà nínú ìlú wọn kò sì pè wọ́n sí ìgbìmọ̀ pé, "Ẹ̀yin ará, ibo ni ọkọ̀ yìí ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́?"

Ẹnì kan lè wí pé àtúnṣe kì í ṣe ìrọ, pé ọgọ́rùn-ún mẹkáníìkì kò lè di olùṣe kan. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń lẹ táyà kò mọ bí a ti ń ṣe rọ́bà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti tú ẹ́ńjìnnì ẹgbẹ̀rún palẹ̀ mọ ohun kan tí ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ kò mọ̀: ó mọ bí ó ti ń kú. Ìmọ̀ yìí ni Hildebrand àti Wolfmüller kò ní àyè láti kó jọ. Ó wà lọ́dọ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́, nínú orí àwọn tí a kò kà sí ọ̀mọ̀wé, a sì ń jẹ́ kí ó bá wọn lọ sí ọ̀run.

Ọ̀ràn náà kò sì ní dúró dè wá. Alùpùpù tí kò mu epo rárá, tí ó jẹ́ pé bátìrì ni ó ń lò, ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ ìlú wa. Kò ní písítìn, kò ní kabúrétọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ń fi ọdún mẹ́ta kọ́ ẹ́ńjìnnì elépo lónìí lè gba òmìnira tán kí ó má rí ohun tí yóò tún ṣe. Bí a kò bá ṣọ́ra, ọwọ́ kan ṣoṣo tí ó lágbára lára wa náà yóò rọ.

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pọ̀ nínú ọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n àwa tí a fi èdè Yorùbá ṣe ẹ̀kọ́ ní ìpín tiwa. Èdè ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. "Ó ti nọ́ọ̀kì," "ó ń jẹ ọ́ìlì": àwọn gbólóhùn báwọ̀nyí jẹ́ ìwé ìṣègùn ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ sílẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa mú ìwé àti kálámù, kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, kí ó jókòó ti àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, kí ó sì kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, àrùn kọ̀ọ̀kan àti àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pè é. Lára irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ó ti lè kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ohun tuntun tí ń bọ̀, ní èdè tí ó gbọ́. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá sì dìde ní Ìbàdàn láti rọ alùpùpù, yóò bá ìmọ̀ àwọn tí ó ti ń wo àìsàn rẹ̀ sàn nílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwọn ará Munich fi ọwọ́ kan ṣoṣo sọ ọ́, ọdún mẹ́ta ni ó sì gbé wọn dé.